Fus'ha Tàbí Lárúbáwá Ìgboro: Èwo Ni Ká Kọ́kọ́ Kọ́?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, láti Ìlúpéjú títí dé Agége, ọ̀pọ̀ yín ló fẹ́ gbọ́ Lárúbáwá. Ṣé Fus'ha, èdè Àlùkùránì àti ìwé, ni ká kọ́ ni, àbí èyí tí wọ́n ń sọ nígboro Kaíró, tó kún inú fídíò orí fóònù? Ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì, torí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́, wákàtí díẹ̀ ló ní fún ilé kéwú láàárín ọ̀sẹ̀.

Ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe kékeré. "Nísinsìnyí" ni al-aan ní Fus'ha. Ará Íjíbítì á ní dilwati, ará Mòrókò á ní daba.

Lérò tèmi, Fus'ha ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ti Kaíró nìkan lè fi nájà níbẹ̀, àmọ́ kò ní lè fi ka ìwé táfúsírì. Fus'ha ni ìwé láti Mòrókò dé Ìráàkì. Òun náà ni wọ́n ń kọ́ni ní Markaz, èyí tí Sheikh Adam Abdullah al-Ilori dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tó sì gbé wá sí Agége ní 1955.

Ẹnìkan lè sọ pé, ṣebí ọmọ Èkìtì ń sọ "ulé" kó tó ka "ilé" nínú ìwé? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ulé. Ta ló ń sọ Lárúbáwá fún wa nílé? Inú ìwé ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Sàyìdínà Usmán ní kí wọ́n da Àlùkùránì kọ, ó pàṣẹ pé bí àwọn akọ̀wé bá ní àríyànjiyàn pẹ̀lú Zaydu ọmọ Mẹ̀dínà, èdè Kùráyìṣì ni kí wọ́n fi kọ ọ́, torí òun ni Àlùkùránì fi sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ pé kí ará Mẹ̀dínà má sọ tirẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú èdè ìgboro. Súúrátù Rúùm kọ́ wa pé àmì Ọlọ́hun ni ìyàtọ̀ èdè wa jẹ́. Bí ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ bá gbé yín dé Kaíró, ẹ tẹ́tí sí wọn, ẹ kọ́ tiwọn lé ti ìwé lórí.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní. Ààmín.