Ojú Òfuurufú àti Orí Alárù

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí ó bá ti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun, nínú odi àtijọ́ tí ó wà ní Kumasi yìí, yóò ti rí ohun tí a kó ti ogun Bọ́mà bọ̀. Nígbà tí mo mú àwọn ọmọ kíláàsì kan lọ síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé: “Ta ni ó ń ríran fún àwọn ológun nínú irú igbó bẹ́ẹ̀?” Mo ní ọkọ̀ òfuurufú ni. Láti ọjọ́ náà ni ìdáhùn mi kò ti tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn.

Òtítọ́ ni pé ọkọ̀ òfuurufú ṣe iṣẹ́ ribiribi. Ẹgbẹ́ aṣọ́nà òfuurufú 656 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a dá sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1942, dé Índíà ní 1943, ó sì bá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kẹrìnlá ṣiṣẹ́ ní Bọ́mà. Auster ni wọ́n ń wà, ọkọ̀ kékeré tí kò yára, tí kò sì ní ìbọn kankan lára. Àwọn ọ̀gá nínú àwọn ológun oníbọn ńlá ni ó ń wà á: wọn a wo ibi tí ọta balẹ̀ sí, wọn a sì fi ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ sọ fún àwọn ti ilẹ̀ pé kí wọ́n sún un sí ọ̀tún, tàbí kí wọ́n sún un síwájú.

Ṣùgbọ́n níbo ni ọkọ̀ yóò balẹ̀ sí bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣán igbó? Láti ìparí 1943 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1944, Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Gold Coast, Nàìjíríà, Sierra Leone àti Gambia wà nínú rẹ̀, fi ọwọ́ la ọ̀nà tí ó tó máìlì 75 gba orí òkè lọ sí àfonífojì Kaladan. Láti ìgbà náà, òkè ni oúnjẹ àti ọta wọn ń gbà wá: Dakota a jù ú sílẹ̀, alárù a gbé e lé orí. Níbi tí wọ́n bá ti tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ọkọ̀ kékeré a balẹ̀ wá gbé àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Aláǹtakùn, Ananse tí gbogbo ọmọ Àṣáńtì mọ ìtàn rẹ̀, ni àmì apá aṣọ wọn. Ẹ sì mọ̀ pé aláǹtakùn kì í fò.

Dífíṣọ̀n 81 àti 82 gba Myohaung ní oṣù kìíní 1945. Orúkọ ìlú náà wà lára bárékè kan ní Takoradi. Orúkọ alárù ńkọ́? Bàbá bàbá mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun sọnù nígbà tí ìdílé wa sáré kó ẹrù kúrò ní Kumasi ní ìparí 1969, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ. Èmi kò tíì rí orúkọ rẹ̀ lára ògiri kankan.

Lójú tèmi, àwa olùkọ́ ni a jẹ gbèsè yìí, kì í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí ẹ bá lọ fún ìsinmi, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè: ta ni ó lọ, abúlé wo ni ó ti lọ, kí ni ó rù? Ẹ kọ ọ́ ní èdè tí wọ́n bá fi sọ ọ́ fún yín, kí ẹ sì mú un wá fún mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bá wọlé.