Ẹ pa Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ yẹn, kí ẹ gbọ́ fíìmù

1/ Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí máa bí àwọn kan nínú, ẹ fara balẹ̀. Tí o bá gbọ́ Yorùbá, tó jẹ́ Yorùbá ni ìyá ẹ fi ń bá ẹ wí nílé, àmọ́ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré nísàlẹ̀ fíìmù lo ń kà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, o ò tíì wo fíìmù yẹn. Ìwé lo kà.

2/ Kí ẹnikẹ́ni tó fò mọ́ mi: mi ò bá subtitle jà. Ẹni tí kò gbọ́ èdè gbọ́dọ̀ rí nǹkan kà. Adití gbọ́dọ̀ rí nǹkan kà. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí etí yín pé ni mò ń bá wí, ẹ̀yin tí ẹ gbé etí sílẹ̀, tí ẹ ń fi ojú wá ohun tí wọ́n fi ẹnu sọ.

3/ Ohun tó fà á rèé. Ní Raji Rasaki Estate níbí, àwa ọ̀rẹ́ márùn-ún máa ń kóra jọ wo fíìmù ní wíkẹ́ǹdì. Ẹnì kan á mú dátà wá, ẹnì kan á ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ẹnì kan á ra gúgúrú àti ẹ̀pà. A ti wo Aníkúlápó, Jagun Jagun, House of Ga'a àti Lisabi. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti parí, àríyànjiyàn ló kù. Ìyẹn dáa. Fíìmù tí kò fa àríyànjiyàn, a ò ní rántí ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

4/ Àmọ́ ẹ gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n ń dá: "Ọ̀rọ̀ wọn ti pọ̀ jù." "Òwe ni wọ́n kàn ń pa ṣáá." "Ó ń fà." "Kí ló dé tí wọn ò kàn sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ?" Àwọn mẹ́ta tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ọmọ Ìjẹ̀bú, ọ̀kan ọmọ Ẹ̀gbá, ọ̀kan ọmọ Ọ̀ṣun. Ní gbogbo ìgbà tí fíìmù fi ń lọ, ojú wọn ò kúrò nísàlẹ̀.

5/ Ta ló wá ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ ká ti rẹ́rìn-ín? Ọ̀rẹ́ wa tó jẹ́ ọmọ Íbò. Àdúgbò yìí ni wọ́n bí i sí, àwọn ìyá Yorùbá ló ti ń bá nájà láti kékeré. Ó ń gbọ́. Tí ibì kan bá rú u lójú, á wo ìsàlẹ̀ fìrí, á tún gbójú sókè. Bó ṣe yẹ ká lo subtitle nìyẹn. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ni, kì í ṣe ẹsẹ̀.

6/ Ó dáa, kí ló wà lókè tí Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ ò lè gbé? Ẹ jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́: "Kábíyèsí." Tí wọ́n bá kọ "Your Majesty" síbẹ̀, ó parí nìyẹn, ọba ni wọ́n ń kí. Àmọ́ etí Yorùbá gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ká bi í, kò sí. Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò lè bi léèrè ohun tó ṣe.

7/ Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sínú House of Ga'a, tí Bọ́láńlé Austen-Peters darí, tó jáde lórí Netflix ní oṣù Keje 2024. Ìtàn Baṣọ̀run Gáà ti Ọ̀yọ́ ni, ẹni tó di agbára mú láti nǹkan bí 1754 títí di 1774. Ìtàn ní ọba mẹ́rin ló tọwọ́ ẹ̀ lọ kó tó kan Aláàfin Abíọ́dún, tó wá rẹ́yìn ẹ̀.

8/ Torí náà, nígbàkígbà tí wọ́n bá dọ̀bálẹ̀ fún ọba lábẹ́ Gáà, tí wọ́n ní "Kábíyèsí", ẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀, ẹkún náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń pe èèyàn ní ẹni-tí-a-kì-í-bi, ẹni tó ń bi í sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Gbogbo wàhálà Ọ̀yọ́ ìgbà yẹn wà nínú ìkíni kan ṣoṣo. Ó kọjá létí yín, ẹ wá ní fíìmù ń fà.

9/ Ìkejì: "ẹ" àti "o". Ní Gẹ̀ẹ́sì, "you" ni méjèèjì. Ní ààfin, ogun lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìjòyè tó ti ń sọ pé "ẹ" fún ọba látàárọ̀, kó wá ṣàdédé sọ pé "o", ilẹ̀ ti yí nìyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò lọ́dọ̀ bàbá yín lónìí, ẹ máa rí ohun tí ojú yín máa rí. Àmọ́ ẹni tó ń ka "you, you, you" á ṣì máa retí ìgbà tí wọ́n máa yọ idà. Wọ́n ti bú ọba tán lójú ẹ̀, kò mọ̀.

10/ Ìkẹta: òwe àti ọfọ̀. Àwọn àgbà ní "Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́." Ẹ gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ máa rí i pé ẹ̀fọ́ kan ló kàn wà níbẹ̀ tí ojú ò tì láàrin ẹ̀fọ́ yòókù. Ta nìyẹn kàn? Ohùn ni agbára ẹ̀ wà: tẹ̀tẹ̀, tẹ́. Orúkọ ewé yẹn fúnra ẹ̀ ló ń gbèjà ẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ọfọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n á pe nǹkan lórúkọ, orúkọ á sì di àṣẹ.

11/ Nínú àwọn fíìmù bíi Jagun Jagun, tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde ní oṣù Kẹjọ 2023, ohùn jẹ́ ohun ìjà bí idà ṣe jẹ́. Tí ológun méjì bá dúró, tí wọ́n ń ju ọfọ̀ síra wọn, wọn ò fi àkókò yín ṣòfò kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ìjà náà nìyẹn! Àmọ́ ẹni tó ń kàwé nísàlẹ̀ ń rí àgbàlagbà méjì tó ń ka orúkọ ewé àti ẹranko fún ara wọn. Ó ṣe máa sú u? Ó gbọ́dọ̀ sú u.

12/ Ìkẹrin: orúkọ. Kúnlé Afọláyan gbé Aníkúlápó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2022. A-ní-ikú-lápò. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti mọ ewu tó wà níwájú Ṣàró kí fíìmù tó lọ jìnnà. Ọkùnrin tó ń jí òkú dìde, tó wá gbà pé ikú ti wọ àpò òun. Ṣé ikú máa ń gbé inú àpò ni? Orúkọ fíìmù fúnra ẹ̀ ti kìlọ̀ fún yín. Ìsàlẹ̀ lẹ ń wò.

13/ Ìkarùn-ún: ìlù. Ẹ padà lọ wo Saworoide ti 1999. Túndé Kèlání darí ẹ̀, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Adébáyọ̀ Fálétí sì ń ṣe Ọ̀pálábá nínú ẹ̀. Orí ìlù ni gbogbo ìtàn yẹn dúró lé. Ìlù lè bú ọba, ìlù lè kì í, ìlù lè sọ ohun tí ẹnu ò gbọ́dọ̀ sọ. Ẹni tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n wò, kí ló fẹ́ kà nígbà tí dùndún bá ń sọ̀rọ̀?

14/ Èyí tó dùn mí jù rèé. Gẹ̀ẹ́sì ni Wọlé Ṣóyínká fi kọ Death and the King's Horseman, tó jáde ní 1975. Bíyì Bándélé wá sọ ọ́ di fíìmù, Elesin Oba, ó sì gbé ọ̀rọ̀ yẹn padà sí Yorùbá, sẹ́nu àwọn èèyàn Ọ̀yọ́ tí wọ́n ni ìtàn. Ó kú ní oṣù Kẹjọ 2022, kí fíìmù náà tó jáde. Ọkùnrin yìí gbé ọ̀rọ̀ wa ti ìrìn àjò dé, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin wá jókòó nínú ilé, ẹ tún ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbọ́, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe fún yín?

15/ Mo ti ń gbọ́ èsì yín. "Yorùbá wọn ti jìn jù." Ẹ̀yin kan náà lẹ mọ "oppa", lẹ mọ "aigoo". Kò sẹ́ni tó kọ́ yín. Inú fíìmù Kòríà lẹ ti gbọ́ ọ, ó wù yín, ẹ wá ìtumọ̀ ẹ̀. Nígbà tí Squid Game jáde ní 2021, àwọn kan nínú yín ń fi Kòríà kí ara wọn lójú títì. Kòríà ò jìn, Ọ̀yọ́ ló wá jìn?

16/ Àpẹẹrẹ kan: àáró. Ìtàn Lísàbí, akọni Ẹ̀gbá, kò ṣeé sọ láìsí àáró. Mo bá ẹ ro oko tìẹ lónìí, ìwọ náà wá bá mi ro tèmi lọ́la. Ìtàn sọ pé abẹ́ iṣẹ́ oko yìí ni Lísàbí ti kó àwọn ọkùnrin Ẹ̀gbá jọ tí ẹnikẹ́ni ò fura, títí wọ́n fi gba ara wọn lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá wo Lisabi tán, ó ní kí ni àáró. Ìyá ìyá ẹ̀ wà láyé o, ó wà l'Abẹ́òkúta. Ká pè é lórí fóònù, ìṣẹ́jú méjì ni.

17/ "Ṣebí fíìmù lásán ni, ìgbádùn ni mo bá wá." Èmi náà, ìgbádùn ni mò ń jà fún! Ẹni tí ẹ bá ní kó wá jẹ iyán, tó wá ń ka orúkọ oúnjẹ lára bébà, ṣé òun ló ń gbádùn?

18/ Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwa ọ̀rẹ́ márùn-ún lásán ni. Kọ́ńtẹ́ǹtì ni mò ń ṣe jẹun, mo mọ bó ṣe ń lọ. Mo máa ń wo ibi táwọn èèyàn ti sá kúrò nínú fídíò mi, màá gé irú ibẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Àwọn tó ń ṣe fíìmù náà ń ka ohun tí ẹ ń kọ. Tí gbogbo yín bá ń pariwo pé òwe ti pọ̀ jù, ọfọ̀ ti gùn jù, wọ́n á gé e. Owó ni wọ́n fi ṣe é, owó ni wọ́n fẹ́ rí.

19/ Lẹ́yìn náà ńkọ́? Òǹkọ̀wé á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ tó máa rọrùn láti gbé sísàlẹ̀. Á ronú ní Gẹ̀ẹ́sì, á tú u sí Yorùbá fún òṣèré, wọ́n á tún tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì fún yín. Aṣọ òkè lókè, òfo nínú. Fálétí fi Yorùbá kọ eré Baṣọ̀run Gáà ní 1972, àwọn èèyàn sì há a sórí. Nínú àwọn fíìmù tí ẹ ń wò báyìí, gbólóhùn wo lẹ há sórí? Tí ẹ ò bá gbọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ há a?

20/ Ẹ rántí Lionheart ti Genevieve Nnaji. Ní 2019, àwọn Oscar yọ ọ́ kúrò láàrin àwọn fíìmù ilẹ̀ òkèèrè torí Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀ ti pọ̀ jù. Inú bí wa, a ní Gẹ̀ẹ́sì náà ti di tiwa. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lónìí tí àwọn kan fi owó ńlá ṣe fíìmù ní èdè tiwa gan-an, àwa ọmọ onílé ló ń wá Gẹ̀ẹ́sì kiri nísàlẹ̀.

21/ Ẹ̀yin tó ń ṣe fíìmù, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Gáà lorúkọ baba yẹn. Kí ni Ga'a? Lísàbí ń jà ní Ẹ̀gbá, ẹ wá fún un ní The Uprising. Àwọn òṣèré yín kan sì wà tí àmì ohùn wọn ń ṣubú lulẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Tí ohùn bá ti bàjẹ́, òwe náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

22/ Ohun kan ni mo tún fẹ́ lọ́wọ́ yín: ẹ kọ Yorùbá náà sísàlẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, kí ẹni tó bá wù yàn án. Adití tó jẹ́ ọmọ Yorùbá yẹ kó rí èdè ẹ̀ kà. Ọmọ wa tó ń dàgbà ní Peckham, tó ń gbọ́ díẹ̀ díẹ̀, á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé ó jìn jù náà á rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa lọ bi ìyá wọn.

23/ Ẹ wo ibi tí à ń gbé. Festac Town ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí. Torí FESTAC '77 ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, kí àwọn èèyàn dúdú káàkiri ayé lè ríbi dé sí nígbà tí wọ́n bá wá fi orin, ijó, eré àti èdè wọn hàn. Àwọn èèyàn ti ọ̀nà jíjìn wá síbí wá gbọ́ tiwa. Àwa tá a bí síbí, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún wa ni ká gbọ́.

24/ Iṣẹ́ wíkẹ́ǹdì yìí nìyí. Ẹ mú èyíkéyìí nínú àwọn fíìmù tí mo dárúkọ. Tí ọ̀rẹ́ tí kò gbọ́ Yorùbá bá wà láàrin yín, ẹ fi subtitle sílẹ̀ fún un, ẹ̀yin ẹ gbójú sókè. Tí kò bá sí, ẹ pa á. Ogún ìṣẹ́jú péré. Ẹ máa kọsẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, etí yín á wá là.

25/ Lẹ́yìn náà, kí o kọ ọ̀rọ̀ kan tí o gbọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ò gbé dé ìsàlẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi yìí. Tí o bá wo ogún ìṣẹ́jú yẹn tán tí o ṣì ní ó ń fà, wá sọ fún mi, màá gbà pé fíìmù ni kò dáa. Nígbà yẹn, a jọ gbọ́ ọ, a lè jọ jà.