Bàlúù Ogun tí a Tètè Fẹ̀yìn Rẹ̀ Tì

Àwọn àgbà tí ń gbé Satellite Town, Festac àti gbogbo agbègbè Amúwo-Ọ̀dọ̀fin kò lè gbàgbé ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1992. Ní ọjọ́ náà ni bàlúù akẹ́rù àwọn ọmọ ogun òfúrufú wa, Hercules NAF 911, gbéra ní Ìkẹjà, tí ẹ̀rọ rẹ̀ dákú láìpẹ́, tí ó sì já sínú àbàtà ní Èjìgbò, nítòsí wọn níbẹ̀. Àwọn tí ó bá a lọ lé ní 150. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀gá ọmọ ogun tí ìlú ti náwó nára lé lórí.

Kí àwọn ènìyàn tó gbàgbé ọ̀fọ̀ yìí, a fẹ́ kí wọ́n rántí ohun mìíràn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú rẹ̀. Ní 1991 ni ìjọba ológun fẹ̀yìn àwọn bàlúù ajà tí à ń pè ní Jaguar tì. Méjìdínlógún ni a rà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, 1984 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ọdún 7 péré! Kì í ṣe ogbó ni ó mú wọn jókòó. Láti 1974 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi irú rẹ̀ ṣiṣẹ́, wọn kò sì fẹ̀yìn tiwọn tì títí di 2007. Owó epo ni ó wálẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, owó tí a ó fi ra ẹ̀yà ìpààrọ̀ ẹ̀rọ kò sì sí mọ́. A tilẹ̀ wá ẹni tí yóò rà wọ́n.

A kò sọ pé ọjọ́ orí ni ó pa NAF 911. Ohun tí à ń wí ni pé ẹni tí ó lówó ẹṣin tí kò lówó koríko, kò tíì ra ẹṣin.

Ní 2021, Super Tucano 12 dé láti Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 500 dọ́là. Inú wa dùn pé owó ẹ̀yà ìpààrọ̀ àti ti ẹ̀kọ́ wà nínú àdéhùn náà. Àmọ́ ọdún kẹwàá ńkọ́? Ó yẹ kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin máa béèrè lọ́dọọdún iye bàlúù tí ń fò, iye tí ó jókòó, àti ẹni tí ó buwọ́ lù ú pé kí wọ́n jókòó. Àwọn kan yóò ní àṣírí ogun ni. Àṣírí wo? Bàlúù tí kò lè fò kò pamọ́ fún ọ̀tá. Àwa tí a san owó rẹ̀ nìkan ni a kò mọ̀. Kí wọ́n fi ìwé ìṣirò àwọn Jaguar bẹ̀rẹ̀.