Owó Ìwọlé Kò Ra Èèwọ̀

Àwọn arìnrìn-àjò kan ń wí pé, níwọ̀n bí àwọn ti sanwó ìwọlé sí ṣọ́ọ̀ṣì San Juan Chamula, ní òkè Chiapas ní Mẹ́síkò, kò yẹ kí a ní kí àwọn má ya fọ́tò. Mo ta ko ọ̀rọ̀ yìí. Níbẹ̀, àwọn Maya tí ń sọ èdè Tzotzil ń tẹ́ ewé igi páínì sílẹ̀, wọ́n ń tan àbẹ́là, àwọn oníṣègùn wọn sì ń fi ẹyin àti adìẹ ṣe ìwòsàn. Aláìsàn tó kúnlẹ̀ kì í ṣe ìran àpéwò. Ṣé owó ni ọ̀gbẹ̀rì fi ń wọ igbódù wa? Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀wọ̀ fún igbódù tirẹ̀, kí ó fi ẹ̀rọ ayàwòrán sápò ní Chamula.