Pápá tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, pápá tí wọ́n ń dáná sun

Bí ọmọ Surulere bá ní òun ń lọ sí pápá, bọ́ọ̀lù ló fẹ́ẹ́ gbá tàbí kó fẹ́ẹ́ wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ pe pápá létí àgbẹ̀ Ṣakí tàbí Ìgbòho, ohun tí yóò wá sí i lọ́kàn ni koríko, oòrùn àti iná. Àgbẹ̀ yìí ló kọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kó tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn eléré.

Lójú àwọn àgbà, pápá kì í ṣe oko rárá o. Ilẹ̀ gbalasa tí koríko gbà ni, tí igi ibẹ̀ jìnnà síra. Ìdí nìyẹn tí kòkó fi wà lọ́dọ̀ àwọn ará Oǹdó àti Ìdànrè tó nígbó, tí Òkè-Ògùn sì di ilé iṣu, ọkà bàbà àti ẹ̀gẹ́. Bó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á dáná sun pápá. Ọdẹ á ti lúgọ síbi tí atẹ́gùn ń gbé iná lọ, nítorí ọ̀yà ò ní dúró kó jóná. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sórí eérú yẹn, koríko tútù á yọ, koríko tútù ló sì ń fa màlúù wá.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń le. Àgbẹ̀ tó fi ilẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta-mẹ́rin kó lè padà lọ́ràá mọ̀ pé oko òun ṣì ni. Darandaran tó ń kọjá lọ, pápá lòun rí, pápá lójú tiẹ̀ ò sì ní olóhun. Bẹ́ẹ̀, nílẹ̀ Yorùbá, kò sílẹ̀ tí ò lẹ́bí tó ni ín. Kí ẹ tó mọ̀, màlúù ti dórí ebè iṣu. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣòfin lọ́dún 2019 láti dá fífi ẹran jẹko káàkiri dúró. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2021, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ Gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n láwọn náà ò fẹ́ ẹ mọ́. Àwọn tó ń pè é ní ìjà ẹ̀yà nìkan ò tíì wo koríko náà dáadáa.

Tàwọn eléré yàtọ̀. Wọ́n mọ odi yí i ká, wọ́n ń gé koríko ẹ̀, wọ́n sì ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Pápá tí ò gbọdọ̀ rí bíi pápá nìyẹn. Ti Surulere ni wọ́n fi gbàlejò ìdíje gbogbo Áfíríkà lọ́dún 1973. Ibẹ̀ náà ni Nàìjíríà ti na Algeria ní 3-0 lọ́jọ́ 22, oṣù Kẹta, ọdún 1980: Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ẹyọ kan, ife Áfíríkà sì kọ́kọ́ wọlé wa. Nígbà tó yá, wọ́n pa á tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, koríko sì hù bó ṣe wù ú. Ká ní ọdẹ Òkè-Ògùn kan gba ibẹ̀ kọjá lásìkò náà ni, kò ní béèrè ibi tó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀yà ni ì bá máa wá kiri.