Ukulele Kì Í Ṣe Àlejò Nínú Orin Sinimá

Àwọn olórin tó ka ukulele sí ohun ìṣeré ọmọdé pọ̀. Okùn mẹ́rin péré ló ní, èèyàn lè gbé e há abíyá, ohùn rẹ̀ kò sì kún ilé. Tí wọ́n bá wá rí ẹnì kan nínú yàrá rẹ̀, níwájú fóònù, tó ń fi gìtá kékeré yìí ta orin sinimá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi í rín. Lójú wọn, orin tí ọ̀kẹ́sítírà ńlá gbé jáde ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò tó o gbé.

Wọn kò mọ̀ pé ukulele ti wà nídìí orin sinimá láti ìgbà tí sinimá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ní 1929, ilé iṣẹ́ sinimá MGM gbé The Hollywood Revue of 1929 jáde. Ẹni tó kọ "Singin' in the Rain" níbẹ̀ ni Cliff Edwards, tí wọ́n ń pè ní Ukulele Ike, tòun ti ukulele lọ́wọ́. Ó di 1952 kí Gene Kelly tó gbé agbòjò jó sí orin yìí nínú òjò nínú sinimá mìíràn, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi rò pé òun ló kọ́kọ́ kọ ọ́. Edwards yìí kan náà ló ya ohùn fún Jiminy Cricket nínú Pinocchio ti 1940, òun ló sì kọ "When You Wish Upon a Star" níbẹ̀, orin tó gba Oscar, tí Disney sì sọ di orin ìdánimọ̀ rẹ̀. Ó kú ní 1971 láìní kọ́bọ̀ lọ́wọ́.

Ta ló wá kó ẹ̀rín bá ukulele? Ẹ jẹ́ ká di díẹ̀ nínú ẹ̀bi náà ru olórin Tiny Tim. Ní 1968, ọkùnrin onírun gígùn yìí jí "Tiptoe Through the Tulips" dìde, orin tó ti inú sinimá Gold Diggers of Broadway ti 1929 jáde. Ohùn tín-ín-rín ló fi kọ ọ́, bí ẹni tó ń ṣàwàdà, ukulele sì wà láyà rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹni tó bá gbé ukulele jáde ní Amẹ́ríkà ti ní láti kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun kò wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹni tó ń ta á nílé lónìí kò sì dá àṣà tuntun kankan sílẹ̀. Àwọn ará erékùṣù Madeira, tó wà lábẹ́ ìjọba Pọtogí, ló gbé machete, gìtá kékeré ilẹ̀ wọn, wọ Honolulu ní oṣù kẹjọ ọdún 1879, nínú ọkọ̀ ojú omi Ravenscrag. Oko ìrèké ni wọ́n bá wá. Gbẹ́nàgbẹ́nà mẹ́ta tó bá ọkọ̀ náà dé, Manuel Nunes, Augusto Dias àti José do Espírito Santo, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ukulele, wọ́n sì ń fi igi koa ti Hawaii gbẹ́ ẹ. Ọba Kalākaua fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó gbà á láàfin. Ìpàtẹ ńlá ọdún 1915 ní San Francisco ló wá gbé e dé etí gbogbo Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń tẹ ìwé orin fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán kọ́ọ̀dù ukulele sórí ọ̀rọ̀ orin, kí ẹni tó bá rà á lè rí ibi tí yóò fi ìka sí. Ẹni tó wo sinimá ní Sátidé lè ra orin inú rẹ̀ ní Mọ́ńdè, kó sì ta á ní pálọ̀ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ tẹ ìwé náà gan-an ni ẹni tó jókòó síwájú fóònù ń ṣe. Kìkì pé pálọ̀ tirẹ̀ ti gba ará Osaka àti ará Glasgow.

(Machete yìí ní ọmọ ìyá kan ní Brazil, ìyẹn cavaquinho, tí samba kì í fẹ́ẹ́ dá rìn láìsí i. Nílé Tia Ciata, ọmọ Bahia tó jẹ́ ọmọ Ọ̀ṣun, ni àwọn olórin samba ìgbà ìwáṣẹ̀ ti máa ń pàdé ní Rio. Ẹ wá àgbà olórin samba kan lọ, kí ẹ sọ fún un pé ohun ìṣeré ọmọdé ni cavaquinho, kí ẹ wo ojú tí yóò fi wò yín.)

Ẹni tó bá ti kọrin nínú kwáyà ṣọ́ọ̀ṣì yóò tètè mọ ohùn okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: so, do, mi, la. Ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀ ni pé so tó ṣáájú kì í ṣe ohùn ìsàlẹ̀. Ó ga ju do tó tẹ̀lé e lọ. Nítorí náà, kò sí béèsì. Àlébù nìyẹn fún ẹni tó bá fẹ́ kí ukulele dún bí ọ̀kẹ́sítírà. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ orin sinimá láyé ìgbà náà fẹ́ràn kọ́ọ̀dù olóhùn mẹ́rin, okùn mẹ́rin sì gbé e láìṣẹ́kù, láìdín. Béèsì tí kò sí náà sì sọ ohùn akọrin di ọ̀gá: kò sí ibi tí yóò sá pamọ́ sí.

Bóyá ìdí nìyẹn tí "Moon River" fi bá a mu tó bẹ́ẹ̀. Òṣèré Audrey Hepburn ni Henry Mancini ń rò nígbà tó ń ṣe ohùn orin náà fún sinimá Breakfast at Tiffany's ti 1961, Hepburn kì í sì í ṣe akọrin. Mancini mọ ibi tí ohùn obìnrin náà mọ, kò sì jẹ́ kí orin náà gùn ju do sí do lọ, àfi díẹ̀ lórí rẹ̀. Nínú sinimá náà, ojú fèrèsé ni Hepburn jókòó sí, tó ń ta gìtá. Orin tí wọ́n dá fún ohùn kékeré kò pàdánù ohunkóhun nígbà tó bá dé orí ukulele.

"Over the Rainbow" yàtọ̀. Harold Arlen tó ṣe ohùn rẹ̀ mú akọrin fò láti do ìsàlẹ̀ sí do òkè nínú ohùn méjì àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, Yip Harburg ló kọ ọ́. Judy Garland kọ ọ́ nínú The Wizard of Oz ti 1939 pẹ̀lú ọ̀kẹ́sítírà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀gá MGM tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn tí wọ́n ti fi sinimá náà han àwọn òǹwòran kan, kí wọ́n tó dá a padà. Ta ni yóò gbé irú orin bẹ́ẹ̀ lé okùn mẹ́rin?

Israel Kamakawiwoʻole gbé e. Ní òru ọjọ́ kan ní 1988, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ọmọ Hawaii tó sanra púpọ̀ yìí wọ sítúdíò kan ní Honolulu, nígbà tí Milan Bertosa tó ń gba orin sílẹ̀ níbẹ̀ ti fẹ́ relé. Ó so orin náà mọ́ "What a Wonderful World", ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Ó di 1993 kó tó jáde nínú àwo Facing Future. Olórin náà kú ní 1997 lọ́mọ ọdún 38, kò sí láyé nígbà tí àwo rẹ̀ tà ju mílíọ̀nù kan lọ ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ pé orin rẹ̀ gba ipò kìíní ní Jámánì ní 2010.

Ibi tó yẹ ká bá àwọn tó ń ta ukulele lórí íntánẹ́ẹ̀tì wí nìyí. Kamakawiwoʻole kò sín Garland jẹ. Ó yí ọ̀rọ̀ kan sódì, ó yí ohùn rẹ̀ padà níbi tó wù ú, ó sì fún un ní ìrìn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí àwọn tó ń tẹ̀lé e: bó ṣe fi imú kùn níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kùn, bó ṣe ta á ni wọ́n ń ta á, wọ́n a tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ tó yí sódì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú ẹni tó kọ̀ láti sín ẹnikẹ́ni jẹ, wọ́n sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé ń sín jẹ. Ó sàn kí wọ́n wo Ukulele Orchestra of Great Britain, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985. Nígbà tí ẹgbẹ́ yìí gbé orin Ennio Morricone láti inú The Good, the Bad and the Ugly, súfèé àti ohùn ẹnu ni wọ́n fi kún ukulele wọn. Èèyàn á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n yóò gbọ́ bí Morricone ṣe to orin náà ju bó ṣe gbọ́ ọ nínú sinimá lọ.

Orin tí a lè tún ṣe kò sì wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025 ni àwọn orin tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1929 bọ́ lábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ olórin. "Singin' in the Rain" wà nínú wọn, "Tiptoe Through the Tulips" pẹ̀lú. "Over the Rainbow" tí gbogbo wọn ń dù kò ní bọ́ títí di 2035. Ijó Gene Kelly nínú òjò ṣì ní ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n orin tí Cliff Edwards ta ní 1929, ẹni tó bá fẹ́ lè gé e, kó fà á gùn, kó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, kó sì fi hàn ní Amẹ́ríkà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.