Àtẹ̀jáde Ìpàdé Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ àti Apẹja Etíkun Lórí Ajílẹ̀ Koríko Òkun

Sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, àwọn ọba ìlú etíkun, àti ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Èkó:

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba gbogbo àkókò ìpàdé wa: omi ajílẹ̀ tí wọ́n ń fún lára koríko òkun, tí àwọn ọlọ́jà ń gbé kiri abúlé. Àwọn kan nínú wa ti fín in sí tòmátò àti ata, wọ́n sì ń béèrè bóyá kí àwọn pa ìgbẹ́ adìẹ tì.

Kí wọ́n má pa á tì o. Omi yìí ní pòtásíọ̀mù àti èròjà tó ń mú kí gbòǹgbò ta dáadáa, kí irúgbìn sì lè fara da ọ̀dá, ṣùgbọ́n náítírójìn inú rẹ̀ kéré. Tẹ̀tẹ̀ tí ewé rẹ̀ ń pọ́n nítorí àìtó náítírójìn kò ní tipa rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Àfikún ni lórí ìgbẹ́ adìẹ. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó pò ó mọ́ omi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike rẹ̀, kó fín in ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kó sì fi ebè díẹ̀ sílẹ̀ láìfín, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ kó tó tún náwó.

Èyí tó ká wa lára jù nínú ọ̀rọ̀ koríko òkun yìí ni sargassum, èyí tó ń ya wọ etíkun wa láti nǹkan bí 2011. Ó ń ba àwọ̀n jẹ́, ó ń lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Bó bá jẹrà, á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. A gbọ́ pé àwọn kan ti ń kó o lọ sóko ẹ̀fọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Ó máa ń fa májèlé arsenic mọ́ra láti inú òkun. Òjò lè ṣan iyọ̀ ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé òjò fún májèlé, ọmọ wa ló sì ń jẹ ẹ̀fọ́ náà. Ẹ̀yà koríko mìíràn, láti òkun Ireland, Norway àti South Africa, ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú omi ajílẹ̀ tó wà lọ́jà.

A ń bẹ ilé ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó àti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Moor Plantation, Ìbàdàn, kí wọ́n wá bu sargassum ní Ìlàjẹ, Lẹ́kí àti Bàdágìrì, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì ka èsì rẹ̀ fún wa ní Yorùbá. Bó bá di ọjà lọ́la, apẹja tí àwọ̀n wọn ya àti àwọn obìnrin tó ń kó o kúrò létíkun ni kó kọ́kọ́ jàǹfààní. Ẹgbẹ́ kò ní fọwọ́ sí àdéhùn tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹni tó bá fẹ́ yọ̀ǹda ebè fún àyẹ̀wò omi ajílẹ̀ náà fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó pé.

Alága àti Akọ̀wé,
Lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.